Mang Pulo àti Kókó Tí Kò Yí

Ní ọjọ́ tí Saling, ọmọ Ka Basyo, ṣe ìgbéyàwó, Mang Pulo ayafọ́tò ya fọ́tò mọ́kànlélógójì sínú fíìmù tí kò gbà ju mẹ́rìndínlógójì lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ogójì ni. Àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di àádọ́ta. Mọ́kànlélógójì ni. Mo wà nínú ẹgbẹ́ afunfèrè ìlú wa lọ́jọ́ náà. Fèrè ńlá ni mo máa ń fun, kò sì sí iṣẹ́ púpọ̀ fún fèrè ńlá níbi ìgbéyàwó. Mo jókòó, mo ń kà á.

Ka Basyo, bàbá ìyàwó, kíyè sí i; Mang àti Ka ni a máa ń fi bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin nílùú wa, Aling fún obìnrin. Wọ́n ti fẹ́ gé kéèkì nígbà náà.

"Pulo," ni Ka Basyo wí, "fíìmù rẹ òní mà pọ̀ o. Níbi ìgbéyàwó ọmọ olórí ìlú, ṣebí ó tán kí a tó jẹun?"

Mang Pulo nu iwájú orí rẹ̀. "Ka Basyo, fíìmù kì í dọ́gba. Ti òní yìí, ọ̀làwọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìlú fi ń rántí rẹ̀ di òní. Tí ìkòkò ìrẹsì bá yó èèyàn púpọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, a ó ní, "Fíìmù Mang Pulo ni." Tí ìkòkò bá sì ṣófo pátápátá, ohun kan náà la ó sọ.

Ẹni tí kò bá lo kámẹ́rà àtijọ́ rí kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Wàá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, wàá fi fíìmù sí apá òsì, wàá fa ahọ́n rẹ̀ kọjá, wàá kì í bọ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ọ̀tún, wàá sì pa á dé. Bí o bá ya ọ̀kan tán, wàá fi àtàǹpàkò fa irin kan kí fíìmù lè sún. Bí fíìmù bá ń sún, kókó kékeré kan tó wà lókè lápá òsì á máa yí. Bí kókó yẹn kò bá yí, ahọ́n fíìmù ti yọ nínú ihò, kò sí nǹkan kan tó ń lọ. Kámẹ́rà á ṣì máa ró kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́. Òǹkà rẹ̀ á ṣì máa kà. Irọ́ ló ń pa.

Ní ìkẹtàdínlógójì, Mang Pulo rò pé oore Ọlọ́run ni; ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ìkejìdínlógójì, òógùn bo imú rẹ̀. Ní ìkọkàndínlógójì, ó wo kókó apá òsì bó ṣe ń fa irin. Kókó náà dúró gbagidi.

Kò ní fíìmù mìíràn lọ́wọ́. Ìlú Lucena ni wọ́n ti ń rà á, bọ́ọ̀sì Lucena sì ti lọ láti àárọ̀. Ó lè sọ òtítọ́. Ó wo igba èèyàn tó wọ aṣọ onísítáàṣì nínú oòrùn. Ó wo ẹnu Ka Basyo. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀." Ó tún ya méjì.

Ẹnu Ka Basyo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbéyàwó yìí, ẹfọ̀n tó fi ń ro oko ìrẹsì ta á nípàá. Ó gba eyín iwájú mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àpá gígùn sílẹ̀ ní ìgúnpá ọ̀tún. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kò sí ayafọ́tò nílùú wa. Lẹ́yìn rẹ̀, Ka Basyo búra pé kámẹ́rà kankan kò ní rí ojú òun àfi tí òun bá ní eyín. Ọkùnrin náà mọ bí a ṣe ń sá fún kámẹ́rà ju bí àkùkọ ṣe ń sá fún ọ̀bẹ lọ.

Nítorí ìgbéyàwó Saling ló ṣe lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní Lucena. Eyín tí wọ́n ṣe fún un funfun ju aṣọ ìyàwó lọ. Kò lè fi jẹun. Tí wọ́n bá gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá, á yọ eyín sínú àpò àyà rẹ̀. Tí Mang Pulo bá gbé kámẹ́rà sókè, á tún kó o sẹ́nu. Mọ́kànlélógójì ìgbà ló rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, Saling wá béèrè fọ́tò. Mang Pulo ní oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù kò tíì dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní oògùn ti dé ṣùgbọ́n ìjì ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìjì ti lọ, ó ní ìjì gbé iná mànàmáná lọ.

"Mang Pulo, iná ilé wa ń tàn."

"Ti yín ni yẹn, Saling. Iná ilé mi, ojú máa ń tì í."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò gba ojú ọ̀nà ńlá mọ́, nítorí pé ilé Saling wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Odò ló ń gbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á ká ṣòkòtò sókè, á gbé bàtà kọ́rùn, á jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Àwọn ìyá àgbà ní bóyá ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ni, pé bóyá ó ń fi ara jìyà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Wọn kò mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, Ka Basyo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Wọ́n tẹ́ òkú sí yàrá iwájú, wọ́n ṣí pósí sílẹ̀, wọ́n gbé kọfí àti bisikíìtì kalẹ̀, àwọn ọkùnrin fi káàdì ta ayò níwájú ìta. Níbi tí a ti ń ṣe òkú, fọ́tò olóògbé gbọ́dọ̀ wà lórí pósí nínú férémù, kí àlejò lè mọ bó ṣe rí nígbà tó wà láàyè. Saling ránṣẹ́ sí Mang Pulo. Lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀nà ńlá ló gbà wá. Mo wà nídìí ìkòkò kọfí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mang Pulo, ẹyọ kan péré," ni Saling wí. "Kódà kó ti bàjẹ́. Kódà kí n ti dijú nínú ẹ̀. Bàbá mi nìkan ni mo fẹ́."

"Saling, kò sí."

"Kò sí èyí tó dáa?"

"Kò sí rárá. Fíìmù kò yí."

Àwọn tó ń ta káàdì dojú káàdì wọn bolẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Ó lè purọ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mang Pulo wo bàtà rẹ̀. "Ní ìkọkàndínlógójì. Kí ẹ tó gé kéèkì."

"Ẹ sì tún ya méjì."

"Mo tún ya méjì."

Saling yíjú sí bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin ti fi eyín náà sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ẹnu dé, bí a ṣe ń ṣe fún òkú.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ mu kọfí."

Ì bá sàn kó gbá a létí. Mang Pulo jókòó, ó gba kọfí, kò fi ṣúgà sí i. Ó mu ún tán.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n gbé pósí dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹbí sì tò yí i ká láti ya fọ́tò. Ayafọ́tò mìíràn kò sí. Mang Pulo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà lójú gbogbo èèyàn, ó ki ahọ́n fíìmù bọ ihò, ó pa á dé, ó sì lọ bá Saling níbi tó dúró sí nínú aṣọ dúdú.

"Fi ìka rẹ lé kókó yìí." Ó fa irin. "Ṣé ó ń yí?"

"Ó ń yí."

Ìgbà náà ló padà sẹ́yìn, ó sì yà á.

Ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò fi yangàn. Ní ọjà ẹja, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú náà, mo rí Mang Pulo lókèèrè, mo sì pariwo pé, "Mang Pulo! Ṣé ó ń yí?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń ké e. Apẹja tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ á wo òkè, á ní, "Ṣé ó ń yí?" Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ké e, odindi ọdún kan. Mang Pulo á kàn fi ọwọ́ kan àpò kámẹ́rà rẹ̀, á kọjá.

Lẹ́yìn ọdún náà, wọ́n pè é sí ìrìbọmi kan. Ó dúró níwájú pẹpẹ, ó ki fíìmù, ó gbé kámẹ́rà sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì lè rí i, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè.

"Ṣé ó ń yí?"

Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Mo rántí pé mo ka àwọn bíríkì abẹ́ ẹsẹ̀ mi: mọ́kànlá. Nígbà náà ni ohùn obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn. Saling ni.

"Ó ń yí."

Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà. Kò sí ìgbéyàwó tó pé nílùú wa bí Mang Pulo kò bá gbé kámẹ́rà sókè kó béèrè, kí gbogbo ìjọ sì dáhùn. Padre Urbano, àlùfáà wa, fi ẹjọ́ sùn níwájú pẹpẹ: "Ẹ̀ ń dáhùn ti Pulo, ògiri ń mì. Ẹ̀ ń ṣe Àmín tèmi bí ẹni tí ẹ̀fọ́rí ń ṣe."

Mang Pulo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, nínú àpò awọ. Ẹ̀rọ náà ti kú láti ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé ìwé. Síbẹ̀, kò ní ya ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ àgbọ̀n onítọ̀hún, kó wò ó, kó mí kanlẹ̀.

"Kí ló sọ, Mang Pulo?"

"Ó ní kí ẹ dákẹ́."

Fíláàṣì ìgbà náà, gílóòbù ẹlẹ́ẹ̀kan ni. Á tàn gbòlà, á kú, á sì gbóná bí ẹ̀yinná. Níbi ìrìbọmi ọmọ alágbẹ̀dẹ, Mang Pulo yọ èyí tó kú, ó jù ú sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ń wá èyí tuntun. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láyà rẹ̀.

"Pulo, ò ń jóná!" ni Padre wí.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, Padre. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú ni."

Padre da ìyókù omi tó wà nínú àwo lé e láyà. Ọmọ kan ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà. Èèyàn méjì ló ṣe ìrìbọmi.

Ìwé kan wà tó bá kámẹ́rà rẹ̀ wá láti ilé ìtajà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oòrùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń ya fọ́tò. Mang Pulo gba èyí bí òfin. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, òjìji rẹ̀ á nà gbọọrọ síwájú, á wọ inú fọ́tò: fìlà kan, ìgúnpá méjì tó là sí ẹ̀gbẹ́ bí etí ìkòkò.

"Mang Pulo, òjìji yín mà wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó."

"Ọ̀fẹ́ ni mo fi kún un."

Kámẹ́rà náà ní irin kan tó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó ya fọ́tò fúnra rẹ̀, kí ayafọ́tò lè sáré wá dúró. Ní ọdún 1977, a ní kí òun náà wà nínú fọ́tò ẹgbẹ́ afunfèrè. Ó gbé kámẹ́rà sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan jẹ́ ọparun. Ó tẹ irin, ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan yọ lójú ọ̀nà. Èèyàn mìíràn ì bá fi í sílẹ̀. Fọ́tò náà wà nílé mi: afunfèrè mẹ́tàdínlógún tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn, àti ìdí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú bàtà, ní àárín gbùngbùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í fi ṣe àwàdà. Gbogbo fíìmù tó ti yà láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà nínú àpótí bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin Ka Basyo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ẹ̀yìn àwọn tó wà nínú wọn. Ó rò pé bóyá Ka Basyo kọjá lẹ́yìn ẹnì kan rí. Ìyàwó rẹ̀, Aling Toyang, ní ọkọ òun ti fi ojú ọ̀tún rúbọ fún òkú.

Ní ọdún kẹta, ó gba ojú ọ̀nà ńlá wá sílé Saling, ó di nǹkan kékeré kan sínú aṣọ ìnujú.

"Saling, mo rí ìgúnpá."

Saling gbà á, ó wò ó. "Ti bàbá mi kọ́ nìyí. Ti àbúrò rẹ̀, Tiyo Kulas, ni."

"Wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Àpá ẹfọ̀n."

Saling gbé e súnmọ́ fèrèsé.

"Mang Pulo," ló wí, "ẹ ti jẹun?"

Lẹ́yìn èyí ni fìlà Ka Basyo jáde, nínú ọ̀wọ́ èrò ọdún ẹni mímọ́ ìlú. Ọdún márùn-ún tún kọjá kí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó jáde níbi ìjà àkùkọ. Lẹ́yìn náà, etí kan. Ojú kò jáde rárá. Ọkùnrin tí kò ní eyín ti yíjú ní gbogbo ìgbà. Saling tò wọ́n sínú férémù kan, ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìsìnkú.

"Bí a bá tò wọ́n pọ̀," ló máa ń sọ fún àlejò, "ó kù díẹ̀ kó di èèyàn."

Tí Mang Pulo bá wà níbẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Nígbà tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó máa ń fi ọwọ́ tún férémù náà ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ́.

Ó kú ní ọdún 2003. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú, kọfí wà, bisikíìtì wà, ọ̀dọ́ ń ta káàdì. Aling Toyang kó gbogbo àpótí jáde láti wá fọ́tò tí wọn yóò gbé sórí pósí. Ó wò wọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

"Kò sí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Gbogbo ìlú wà níbí. Ajá Padre wà níbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkọ mi kò sí."

Mo ní ọ̀kan wà nílé mi. Ó béèrè irú èyí tó jẹ́. Mo sọ fún un. Ó ní òun kò ní gbé ìdí ọkọ òun sórí pósí.

Ojú tì wá. Fún ogójì ọdún, ọkùnrin yìí ń sọ pé kí a gbé àgbọ̀n sókè. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí kó sọ pé, "Ẹ̀yin náà, ẹ lọ dúró síbẹ̀ yẹn."

Saling dìde, ó lọ sílé. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ó padà pẹ̀lú fọ́tò ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó sì gbé e lé Aling Toyang nítan.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀."

Nísàlẹ̀, lórí iyanrìn iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, òjìji kan nà títí dé ẹsẹ̀ pósí Ka Basyo. Fìlà kan. Ìgúnpá méjì bí etí ìkòkò.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń bínú sí òjìji yìí," ni Saling wí. "Mo fẹ́ gé e kúrò nígbà kan. Mo ti gbé síṣọ́ọ̀sì."

"Kí ló dá ẹ dúró?" ni Aling Toyang béèrè.

"Mo rí i pé ó ti ṣí fìlà díẹ̀. Ẹ wò ó. Kò dé e tán."

A gbé fọ́tò náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òótọ́ ni. Fìlà náà ga sókè lórí òjìji orí, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn. Ó fi ọwọ́ kan ya fọ́tò, ó fi ọwọ́ kejì kí òkú.

Ìgbà náà làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Oníkálukú lọ sílé. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà lórí tábìlì: ìgbéyàwó, ìrìbọmi, ọmọ tó jáde ilé ìwé, ẹlẹ́dẹ̀ tó gba ẹ̀bùn. Òjìji Mang Pulo wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Kò sí ojú tirẹ̀ kankan níbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ní òun kò mọ ọ́n. Mo mú ti ẹgbẹ́ afunfèrè wá. Aling Toyang wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó gbé e sí àárín.

Ní òwúrọ̀ ìsìnkú, wọ́n gbé pósí dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a sì tò yí i ká. Gbogbo ìlú ni ẹbí lọ́jọ́ náà. Saling ló gbé kámẹ́rà àtijọ́ náà wá. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa ahọ́n fíìmù, ó kì í bọ ihò, ó pa á dé. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Aling Saling," ni ọ̀dọ́ kan wí, "òjìji yín ti wọ inú fọ́tò."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó gbé kámẹ́rà sókè. Ó fa irin.

"Ṣé ó ń yí?"

Mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ ké e lọ́jà ẹja. Àwọn tó kù ló dáhùn fún mi, ẹyẹlé sì fò lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ń yí!"

Saling ya ọ̀kan. Ó wo kókó apá òsì dáadáa bó ṣe ń fa irin. Kókó náà ń yí. Ó tún ya méjì.